Àádùn Kò Ya Àwòrán Ohunkóhun

Ní ilé wa ní Ìtòkò, ìyá àgbà wa kì í tọ́ àádùn wò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó ti tó mọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀. Wọ́n á bu ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n ti fi epo pò, wọ́n á fún un lẹ́ẹ̀kan péré nínú àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, wọ́n á sì la ọwọ́. Bí ó bá fọ́ wẹ́wẹ́, epo kò tíì kárí. Bí epo bá ń yọ láàrin ìka, ó ti pọ̀ jù, àfi kí a wá ìyẹ̀fun kún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró, tí ilà àtẹ́lẹwọ́ wọn hàn ketekete lára rẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní kí a gbé ewé wá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, mo sì ṣì ń rí àwọn ilà yẹn títí di òní.

Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ lórí ọnà Abẹ́òkúta. Wọ́n ti kọ nípa àdìrẹ Ìtòkú, wọ́n ti kọ nípa àpáta Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ ní 1830. Ní ti oúnjẹ, bí a ṣe ń sè é nìkan ni wọ́n máa ń sọ. Èyí kò tọ́ lójú tèmi. Ohun tí a fi ọwọ́ mọ, tó ní ìrísí, tó ní òfin tí a fi ń mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, tí a sì ń gbé síwájú ẹbí àti ará lọ́jọ́ ayẹyẹ, ọnà ni. Ó yẹ kí a yìn ín níbi tó ti yẹ, kí a sì bá a wí níbi tó bá ti kù díẹ̀ káàtó.

Àádùn ní ìbátan kan tó jìnnà, ó sì dára ká fi wọ́n wé ara wọn. Àwọn ará Yúróòpù ní ohun dídùn kan tí wọ́n ń pè ní marzipan. Èso álímọ́ńdì ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì ń fi ṣúgà pò títí yóò fi rọ̀ bí amọ̀. Lübeck ní Jámánì àti Toledo ní Sípéènì lókìkí nídìí rẹ̀, ìgbà Kérésìmesì sì ni ọjà rẹ̀ ń yá jù. Àwọn ará Jámánì kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré rárá: ṣúgà tó wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó fi kún un, kò gbọdọ̀ ju ìdá 35 nínú 100 lọ. Ọmọ Abẹ́òkúta tó bá ti fi òkúta fọ́ kóró fúrúùtù rí nínú ọgbà ilé-ìwé, tó sì jẹ ẹran funfun inú rẹ̀, ti tọ́ ohun tó jọ álímọ́ńdì wò. Igi méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ṣùgbọ́n adùn wọn súnmọ́ra.

Òróró ni ẹni tó ń mọ marzipan ń bẹ̀rù jù. Bí ìdajì ìwọ̀n álímọ́ńdì ni òróró. Bí ó bá pò ó pẹ́ jù, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ gbóná jù, òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde, ohun tó ń mọ á sì máa ya, kò ní gba bátànì mọ́. Ẹni tó bá ti ṣe róbó rí mọ̀ pé ibi tí onítọ̀hún ń sá fún gan-an ni àwọn ìyá wa ń lọ. Ẹ̀gúsí náà, bí ìdajì rẹ̀ ni òróró. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n á máa pò ó, wọ́n á máa fún un, títí òróró yóò fi bọ́ sílẹ̀. Òróró yẹn náà ni wọ́n á dà sínú agbada, tí wọ́n á fi dín in. Mo ti wo èyí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń yà mí lẹ́nu síbẹ̀: ohun kan náà ni a jẹ, òun náà la fi dín ara rẹ̀. Àwọn Hausa tó wà ní Ṣábó ní dọ̀ǹkúwà tiwọn: ẹ̀pà yíyan, ìyẹ̀fun ọkà, ata, atalẹ̀ àti ṣúgà, tí a gún pọ̀, tí a sì ń yí roboto láàrin àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Òróró ẹ̀pà ló so ó pọ̀. Nínú gbogbo wọn, dọ̀ǹkúwà ló súnmọ́ marzipan jù.

Àgbàdo ní tirẹ̀ kò ní òróró tó lè so ó pọ̀. Kò ju nǹkan bí ìdá 4 sí 5 nínú 100 lọ. Ìdí nìyí tí àádùn fi nílò epo pupa. Ohun ilẹ̀ àti ohun orí igi ọ̀pẹ ni a ń bá dá májẹ̀mú, ọwọ́ ẹni tó ń pò ó sì ni ẹlẹ́rìí. Agbada ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Iná kò gbọdọ̀ pọ̀, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí àgbàdo gbígbẹ náà títí yóò fi pọ́n dáadáa, tí òórùn rẹ̀ á gba àgbàlá. Àgbàdo tí kò yan tó máa ń rùn bí ìyẹ̀fun tútù. Èyí tó jóná a korò, kò sí ṣúgà tó lè bo ìkorò yẹn. A ó lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, a ó jọ̀ ọ́, èyí tó bá sì kù sínú ajọ̀ á padà sórí ọlọ. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Àádùn tí omi bá kàn á bu láàrin ọjọ́ mélòó kan, àgbàdo tó ti bu sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Iyọ̀ díẹ̀ àti ata gígún díẹ̀ ló kù. Àwọn mìíràn a fi ṣúgà tàbí oyin sí i, àwọn kan a po ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan mọ́ ọn.

Ojú ọjọ́ pàápàá wà nínú iṣẹ́ náà. Lásìkò ọyẹ́, epo máa ń dì, àádùn a sì le dáadáa. Nígbà ooru, epo a yọ́, àádùn a rọ̀, kí ẹni tó ń pò ó sì dín epo kù ló dára. Kò sí ìwé tó kọ́ ìyá àgbà wa ní èyí.

Ìrísí ni mo fẹ́ dúró lé jù. Ní Palermo, ní erékùṣù Sísílì, wọ́n ń fi marzipan mọ ọsàn àti èso mìíràn, wọ́n á kùn wọ́n láwọ̀ débi pé ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ tan ni. Èso Martorana ni wọ́n ń pè é. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àwọn obìnrin ilé ìsìn kan níbẹ̀ ló so irú èso bẹ́ẹ̀ mọ́ igi tí kò so, kí ọgbà wọn lè dùn ún wò lójú àlejò pàtàkì kan. Ọgbọ́n ojú nìyẹn, mo sì fi ọ̀wọ̀ fún un.

Àádùn kò ya àwòrán ohunkóhun. Kò jọ ọsàn, kò jọ ẹyẹ. Ọwọ́ tó mọ ọ́n ló jọ. Àwọn kan lè sọ pé àìmọ̀ọ́ṣe ni, èmi kò gbà. Àwọn obìnrin tó ń fi ẹ̀kọ láfún ya ẹyẹ, ẹja àti aláǹgbá sára aṣọ àdìrẹ mọ bí a ṣe ń ya nǹkan. Wọn kò fẹ́ ya á sára àádùn ni, nítorí orúkọ àádùn ti ṣe iṣẹ́ tí àwòrán ìbá ṣe. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tó jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án fún ọkùnrin, ọjọ́ keje fún obìnrin àti ọjọ́ kẹjọ fún ìbejì láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ inú orúkọ nǹkan la fi ń wúre. A fi orógbó wúre pé kí ọmọ gbó, a fi obì wúre pé kí ó bi ibi dànù, a fi àádùn wúre pé kí ayé rẹ̀ dùn. Etí ni iṣẹ́ yìí wà fún. Bí a bá mọ àádùn bí ẹyẹ, ẹyẹ ni gbogbo ilé á máa wò, àdúrà á sì kọjá lọ.

Ohun kan tún wú mi lórí. Àgbàdo kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Láti Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn 1492. Àlejò ni, a sì gbà á wọlé débi pé a fi ń wúre fún ọmọ tuntun. Abẹ́òkúta náà, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló tẹ̀ ẹ́ dó, Ẹ̀gbá ṣáájú, Òwu tẹ̀lé wọn. Ìlú tó mọ bí a ṣe ń gba àlejò ni.

Ó wá yẹ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí mo lọ láìpẹ́ yìí, àádùn tí wọ́n gbé síwájú wa ń rún lẹ́nu bí iyanrìn. Ṣúgà ni. Wọn kò yan àgbàdo tó, wọ́n wá fi ṣúgà dípò iná. Epo inú rẹ̀ pọ́n jù, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣe mí ní kàyéfì, nítorí àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún wa nípa àwọn tó ń po aró mọ́ epo pupa. Epo àádùn kì í tún rí iná lẹ́yìn tí a bá ti pò ó, nítorí náà epo tí kò dára kò ní ibi ìfarapamọ́ nínú rẹ̀. Inú ọ̀rá ni wọ́n wé e sí. Ọ̀rá a máa làágùn, òógùn yẹn ló sì ń mú kí ó bu. Ewé ẹ̀kọ kì í ṣe ohun tí a kàn fi ń wé nǹkan lásán. Ewé ni bátànì àádùn: bí a bá ṣe pọ́n ọn ni yóò ṣe dúró, tí a bá sì tú u, ipa iṣan ewé á wà lára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó gba ewé kúrò ti gba ìdajì ọnà náà lọ.

N kò bá àwọn tó ń ṣe kéèkì jà. Mo ti rí kéèkì ìgbéyàwó ní Abẹ́òkúta tí wọ́n fi ṣúgà mọ gèlè àti gángan sí lórí, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn ni pé kí wọ́n ya àyè kan sọ́tọ̀ lórí tábìlì fún àádùn inú ewé, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ṣe é, kí wọ́n sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń san ti kéèkì. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń ṣe é, ẹ má kàn dúró gba èyí tó ti wà nínú ewé. Ẹ jókòó tì wọ́n nídìí agbada, ẹ ní kí wọ́n bu díẹ̀ lé yín lọ́wọ́, kí ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì la ọwọ́ yín wò.