Ta Ló Rí Kúyè? Ọmọ Ọ̀dọ̀, Òwe Àgbà Ọjà àti Ìdámọ̀ Ìyà Ọmọdé ní Bọ́ládé, Òṣòdì

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Bọ́ládé, Òṣòdì, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, yóò rí àwọn ọmọdé tó gbé omi inú ọ̀rá tàbí ẹ̀pà lérí, tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Bí ó bá bi ìyá tó ń ta aṣọ létí títì pé ọmọ ta ni èyí, ìdáhùn tí yóò sáábà gbọ́ ni pé, "Ọmọ ọ̀dọ̀ ni." Ìdáhùn yìí máa ń parí ọ̀rọ̀. Èrò mi nínú iṣẹ́ yìí ni pé kò yẹ kí ó parí ọ̀rọ̀, àti pé àwọn ìtàn ọmọ aláìlóbìí tí a fi ń kọ́ni ní kíláàsì Yorùbá wà lára ohun tó jẹ́ kí ìdáhùn náà máa tẹ́ wa lọ́rùn.

Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni òwe tí gbogbo wa mọ̀: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A máa ń tọ́ka sí òwe yìí láti fi hàn pé àwùjọ Yorùbá ti ní ètò ìdáàbòbò ọmọ kí òfin ìjọba tó dé. N kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òwe náà ti gbà pé ó wà nílẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìyá wà níbẹ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Orí tó wọ́ hàn sí gbogbo ọjà. Àgbà sì ní àṣẹ láti sọ pé, "Ìyá ọlọ́mọ, tún ọmọ rẹ pọ̀n." Ní Bọ́ládé, ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kì í sábà pé. Ọmọ tó ń kiri kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìyá tó bí i lè wà ní ìlú mìíràn. Ọgbẹ́ rẹ̀ lè wà lábẹ́ aṣọ. Àgbà tó bá sì dá sí i lè gbọ́ pé, "Kí ló kàn yín níbẹ̀?" Òwe náà sọ ojúṣe àgbà fún wa, ṣùgbọ́n kò kọ́ àgbà bí a ti ń rí ohun tí kò hàn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ J. F. Ọdúnjọ, olùkọ́ tó kọ ọ̀wọ́ ìwé Aláwíyé. Ní 1964, ìwé rẹ̀ méjì jáde tí ọ̀rọ̀ ọmọ aláìlóbìí wà nínú wọn: Kúyè àti Ọmọ Òkú Ọ̀run. Kúyè ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Odi ni ọmọ náà, etí rẹ̀ sì di. Òbí rẹ̀ ti kú. Àwọn tó yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ló fi ojú rẹ̀ rí màbo. A sáábà máa ń ka ìtàn yìí ní kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ìtàn kádàrá àti ìfaradà: ọmọ jìyà, ó fara dà á, ayé rẹ̀ sì yí padà sí rere. Ìtumọ̀ náà bá ìwé mu, ṣùgbọ́n ó fo ohun kan dá. Kí ló dé tí Ọdúnjọ fi odi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn? Odi kò lè fẹjọ́ sùn. Adití kò lè gbọ́ ìbéèrè kí ó tó dáhùn. Ara ọmọ yìí nìkan ni ẹ̀rí tó wà. Nítorí náà, gbogbo àgbàlagbà tó bá pàdé rẹ̀ ló wà nínú ìdánwò, yálà wọ́n mọ̀ ọ́n tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n: ṣé wọn yóò ka ara náà, àbí wọn yóò gbójú kúrò?

Ìdánwò yìí kì í dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé. Àwa mọ̀ pé Kúyè ń jìyà nítorí pé ìtàn ti sọ ọ́ fún wa. A kò ní láti wá a. Irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀ ń kọ́ wa láti káàánú ọmọ tí a ti jẹ́rìí sí ìyà rẹ̀. Kò kọ́ wa láti fura nígbà tí kò sí ẹni tó jẹ́rìí. Ìtàn àlọ́ kò yàtọ̀ sí èyí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà àlọ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, orogún ìyá rẹ̀ ni yóò rán an lọ sí odò tàbí sí igbó nítorí ohun èlò kékeré kan. Arúgbó tàbí ẹbọra ni yóò ṣàánú rẹ̀. Yóò sì padà pẹ̀lú ọrọ̀. Kò sí aládùúgbò nínú àlọ́ náà. Kò sí ẹni tó rí ọmọ náà nígbà tó ń jáde lọ tí ó bi í pé, "Ta ló rán ọ ní irú àkókò yìí?" Bí ìgbàlà bá jẹ́ iṣẹ́ ẹbọra, kí ni iṣẹ́ aráàlú?

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ọmọ náà ní ipa tirẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀: ibi tí ọmọ wà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí sọ. Kò sọ ẹni tó ń tọ́ ọ, kò sọ ohun tí wọ́n gbà láti ṣe fún un. Alágbàtọ́ ní tirẹ̀ ní ìṣe méjì nínú: a gbà, a sì tọ́. Ẹni tó gbà tí kò tọ́ kò yẹ ní orúkọ náà. Nínú èdè Fọ̀n ní Benin, vidomègon ni wọ́n ń pe ọmọ tí a fi síwájú ẹlòmíràn. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni ọmọ tí a fi sí ọ̀dọ̀ ẹnìkan. Níbẹ̀ pẹ̀lú, àṣà tí ó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ láàrin ìbátan ti di ọ̀nà tí a ń gbà rí ọmọ tí yóò ṣiṣẹ́ láìgbowó. Èdè méjèèjì ló fi ọ̀rọ̀ tó tọ́ka sí ibi tí ọmọ wà bo ìyípadà náà mọ́lẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé mo ń bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà ìgbàtọ́. Èmi náà gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi fún ọdún mẹ́rin ní kékeré, n kò sì lè san oore wọn tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìdí tí ìyá mi, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá wá kí wa, fi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé àwọn fúnra àwọn ni yóò wẹ̀ mí. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Wọ́n ń fi kànrìnkàn àti ọṣẹ ka ara mi láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn mọ̀ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì bínú. Igba ojú tí òwe sọ pé ó ń wo ọmọ kì í ṣe ojú àwọn tó kàn ń kọjá; ojú ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti wá, láti wò, àti láti mú ọmọ padà ni. Ohun tí Bọ́ládé ti pàdánù nìyẹn: a ṣì ń fi ọmọ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wá wẹ̀ ẹ́ kò wá mọ́.

Ìmọ̀ ìṣègùn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ fún lámèyítọ́ níbí. Dókítà Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ṣàpèjúwe àìsàn kan ní 1933. Ní 1935 ó lo orúkọ tí àwọn Gáà ń pè é, kwashiorkor: àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá ti gba ipò rẹ̀. Orúkọ yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdámọ̀, nítorí ó tọ́ka sí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú tí kò sí oúnjẹ gidi tó rọ́pò rẹ̀. Èyí tó sì léwu jù ni pé ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì lè kún. Ojú tí kò kọ́ṣẹ́ yóò ní ó sanra. Ní Iléṣà, láti 1956, Dókítà David Morley ti Ilé Ìwòsàn Wesley Guild bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, títí dé Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìwé ìwọ̀n tó ti inú iṣẹ́ náà jáde wà lọ́wọ́ ìyá, kì í ṣe lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kí ìyá lè fúnra rẹ̀ rí i bí ìlà ìwọ̀n ọmọ bá dúró sójú kan. Lónìí, okùn ìwọ̀n apá ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà: bí apá ọmọ oṣù 6 sí 59 kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, àìjẹunrekánú rẹ̀ ti le gan-an. Ẹ kíyè sí i pé oṣù 59 ni ìwọ̀n náà dúró. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó gbé omi lérí ní Bọ́ládé ti jáde kúrò nínú rẹ̀, kò sì sí okùn mìíràn tó ń dúró dè é.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ rí. Ọmọ tó ń sáré a máa fi orúnkún, ojúgun tàbí iwájú orí ṣèṣe. Ojú àpá tó wà ní etí, ọrùn, ẹ̀yìn tàbí itan, ọgbẹ́ tuntun lórí ti àtijọ́, iná tó mú àwòrán irin jáde lára, àlàyé tí kò bá ọgbẹ́ mu: ìwọ̀nyí ń béèrè fún ìbéèrè. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tó ya nǹkan sọ́tọ̀ bí a bá fẹ́ lò ó. Ìbáwí ní òpin. Ọwọ́ òsì tó ń fa ọmọ mọ́ra wà nínú òwe rẹ̀. Ìyà kò ní. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣòro jù láti rí ni àìkàsí, nítorí pé kì í fi àpá sílẹ̀: ebi, oorun tí kò tó, ilé-ìwé tí ọmọ kò lọ.

Òfin kò ṣaláìsí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé jáde ní 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ó ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó lòdì sí fífi ọmọ kiri ọjà ní ojú títì, ó sì ya ìgbàtọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbàṣọmọ. Síbẹ̀, ìtàn kìlọ̀ fún wa. Nínú ìwé rẹ̀ Making Modern Girls (2014), Abosede George fi hàn bí ìjọba amúnisìn àti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó ṣe gbìyànjú láti kó àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri kúrò nígboro, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá ka ìkiri sí ìkọ́ṣẹ́ òwò. Bí a bá kàn kó ọmọ kúrò ní títì láìbéèrè ibi tí yóò sùn ní alẹ́, kò sí ohun tí a rí. Ibi tí a lè mú ọmọ tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀ lọ wà ní tòsí: Mirabel Centre ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà láti 2013. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwa olùkọ́ kò pọ̀. Ìbéèrè tí a máa ń ṣe lórí Kúyè ni, "Irú ìyà wo ni Kúyè jẹ, báwo ni ó sì ṣe borí?" Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: "Dárúkọ gbogbo ẹni tó pàdé Kúyè nígbà tó ń jìyà. Kí ni ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn rí, kí ni wọ́n sì ṣe?" Mo ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìbéèrè yìí. Kíláàsì náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn, tó máa ń wọ ọkọ̀ ní Bọ́ládé lójoojúmọ́, béèrè bóyá òun lè fi orúkọ ara òun sí i.