Iná, Omi àti Ọwọ́ Fáyámáànù

Irin rélùwéè àtijọ́ tó gba Ìlọrin kọjá kò fẹ̀ púpọ̀. Mílímítà 1,067 ló wà láàárín irin kan sí èkejì, nígbà tí ti ọ̀nà irin tuntun tó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ 1,435. Irin tóóró yìí ni wọ́n tẹ́ láti Òṣogbo, tó gba Ọ̀fà, tó fi wọ Ìlọrin lọ́dún 1908, kó tó dé Jẹ́bà lọ́dún 1909. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ èédú, tó ń mu omi ló ń fa ọkọ̀ nígbà náà. Èyí tó ń wù mí jù nínú ìdílé ẹ̀rọ yìí ni àwọn kéékèèké tó ń gbé omi àti èédú wọn sára, irú èyí tó ṣiṣẹ́ ní Èkó láti ọdún 1902, lórí irin tó tún tóóró ju ti Ìlọrin lọ, mílímítà 762 péré, láti Ìddó gorí afárá Carter wọ inú erékùṣù Èkó.

Ẹ́ńjìnnì ńlá máa ń wọ́ ọkọ̀ omi àti èédú tẹ̀ lé ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ti kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Táǹkì omi wà lọ́tùn-ún lósì bọ́ílà, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tí omi ti ń hó di ooru, àpótí èédú sì wà lẹ́yìn ibi tí dírẹ́bà dúró sí. Ìwúwo omi yẹn ló ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mọ́ irin kó má baà yọ̀. Bí omi bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ di irin mú mọ́, dírẹ́bà tó mọṣẹ́ a sì dín ọwọ́ rẹ̀ kù kí ẹsẹ̀ náà tó yí lófo. Ó lè lọ síwájú, ó lè lọ sẹ́yìn, kò sì sí pé a ń wá ibi tí a ó ti yí i padà.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí fáyámáànù, ẹni tó ń dá iná bọ́ílà, tó ṣá iná, omi ló kọ́kọ́ ń wò. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lójú bọ́ílà níwájú rẹ̀, omi inú ìgò náà àti omi inú bọ́ílà sì jọ ń ga, wọ́n jọ ń rẹlẹ̀. Ìdí pàtàkì wà fún èyí. Inú bọ́ílà gan-an ni ààrò wà, omi ló yí i ká, omi ló sì bo òrùlé rẹ̀. Bí omi bá fi òrùlé ààrò sílẹ̀ nígbà tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, irin yóò rọ̀, agbára ooru omi yóò sì ya á. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń de ihò kan nínú òrùlé náà pẹ̀lú òjé. Bí omi bá lọ, òjé á yọ́, ooru á tú jáde sórí iná, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á sì mọ̀ pé ewu ti dé.

Igi wẹ́wẹ́ àti àkísà tí wọ́n rẹ sínú epo ló ń ṣáájú, èédú díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Kò sí ìkánjú níbẹ̀. Irin bọ́ílà àti àwọn páìpù inú rẹ̀ kì í fẹ̀ bákan náà nígbà tí wọ́n bá ń gbóná, ẹni tó bá sì fi ipá mú wọn gbóná yóò rí i tí omi ń jò níbi tí wọ́n ti so pọ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi ń dúró. Láàárín àsìkò yìí ni dírẹ́bà ń mú agolo epo ẹlẹ́nu gígùn kiri, tó ń tẹ̀ ba wọ abẹ́ ẹ̀rọ, tó ń kán epo sí gbogbo ibi tí irin ti ń yí lórí irin, láìfo ọ̀kan.

Nígbà tí ooru bá ti gba bọ́ílà, fáyámáànù tún padà sídìí ìgò. Kò kàn ń wò ó lásán mọ́. Ó ṣí ẹ̀rọ kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi ya jáde pẹ̀lú ariwo, ìgò ṣófo. Ó tì í padà, ó sì ń ṣọ́ bí omi ṣe ń gòkè. Bí omi bá sáré gòkè, ọ̀nà mọ́. Bó bá ń fà, ìdọ̀tí ti dí ojú ihò, ìgò náà ń purọ́ nìyẹn.

Ibi ṣọ́bìrì ni mo ti ń rí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí jù. Ẹni tó bá ti rí bí ìyá alákàrà ṣe ń ti igi sábẹ́ agbada, díẹ̀ nísinsìnyí, díẹ̀ nígbà tó bá yá, ti rí ìlànà rẹ̀. Ibi tí iná ti mọ́lẹ̀ tó fẹ́ funfun, èédú ti fẹ́ tán níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ṣọ́bìrì tó kàn gbọ́dọ̀ lọ: igun méjèèjì lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ògiri, lẹ́yìn náà iwájú. Bí ẹnu ṣọ́bìrì bá ti wọ ààrò, ọrùn ọwọ́ á yí i díẹ̀, èédú á fọ́n ká dípò kó dì jọ lójú kan. Ìlẹ̀kùn ààrò á padé kíá, torí afẹ́fẹ́ tútù kì í ṣe ọ̀rẹ́ páìpù. Lẹ́yìn náà, fáyámáànù á gbé ojú sókè wo ẹnu ọ̀pá èéfín. Èéfín dúdú kìjikìji túmọ̀ sí pé èédú ń ṣòfò. Bí kò bá sí èéfín rárá, afẹ́fẹ́ tó ń gba inú iná ti pọ̀ jù. Èéfín eléérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń wá. Èédú Enúgu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà lọ́dún 1915, rọ̀, èéfín rẹ̀ sì pọ̀, ojú ẹni tó ń fi í dáná kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Omi tí iná ń sọ di ooru gbọ́dọ̀ ní àrọ́pò nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lọ́wọ́. Ohun èlò tí wọ́n ń pè ní injector ló ń ṣe é, Henri Giffard ará Faransé ló sì ṣe é jáde lọ́dún 1858. Ooru láti inú bọ́ílà ló ń ti omi tútù padà sínú bọ́ílà kan náà. Ó dà bíi pé kò lè ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà rẹ̀. Ooru gba ẹnu tóóró kan, eré rẹ̀ pọ̀ sí i gidigidi. Ó pàdé omi tútù, òun fúnra rẹ̀ di omi, ó sì fi eré náà fún omi tó bá pàdé. Omi tó ń sáré wọ ọ̀nà tó ń fẹ̀ sí i, eré rẹ̀ dín kù, eré tó dín kù yẹn di agbára tó ju ti inú bọ́ílà lọ, ìlẹ̀kùn ẹnu bọ́ílà sì ṣí fún un. Etí ni fáyámáànù fi ń tọ́ ọ. Omi á máa ṣàn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, á máa pariwo, á kọ̀; ó yí ọwọ́ omi díẹ̀, ṣíṣàn náà dá, ohùn rẹ̀ yí padà sí orin tó dúró sójú kan. Ó ti gbà nìyẹn. Omi tútù nìkan ni injector fẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì kékeré tí táǹkì rẹ̀ fara ti bọ́ílà, lábẹ́ oòrùn ilẹ̀ wa, omi táǹkì a máa gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí injector fi lè kọ iṣẹ́.

Ó kù kí ọkọ̀ gbéra. Dírẹ́bà á kọ́kọ́ ṣí ihò abẹ́ sílíńdà, ilé irin tí ooru ti ń ti písítìnnì kí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ lè yí, kí omi tó wà níbẹ̀ lè jáde, torí omi kì í fún pọ̀, ó lè fọ́ ìdérí sílíńdà. Ó fun fèrè, ó fa ọwọ́ irin tó ń dá ooru sílẹ̀, díẹ̀ ni, ó dúró, ó tún fa díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ooru ń tú jáde lẹ́nu ọ̀pá èéfín bí ẹsẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, ìtújáde kọ̀ọ̀kan sì ń fa afẹ́fẹ́ gba inú iná. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni iná ń jó tó, láìsí ẹni tó ń fẹ́ ẹ. Bí eré bá ti dé, dírẹ́bà á dín iye ooru tó ń wọ sílíńdà nígbà kọ̀ọ̀kan kù, kí ooru tó ti wọlé máa fẹ̀ fúnra rẹ̀, kó máa ti písítìnnì lọ.

Ọ̀rọ̀ omi orí ààrò yìí le jù lọ níbi òkè. Ní Switzerland, ọ̀nà irin Brienz Rothorn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1892, lórí irin tó jẹ́ mílímítà 800, ń gun òkè tó ń ga ní mítà kan lórí mítà mẹ́rin níbi tó ti dẹ̀gbẹ́ jù, irin eléyín láàárín sì ni ẹ̀rọ fi ń gbá òkè mú. Bí bọ́ílà wọn bá tọ́ gbọọrọ bíi ti Ìlọrin, gbogbo omi á ṣàn sí apá kan. Wọ́n wá gbé bọ́ílà náà dà sí iwájú. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn dà bí ohun tó wọ́. Lórí òkè, bọ́ílà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, omi sì bo òrùlé ààrò dáadáa. Ẹ́ńjìnnì wọn ṣì ń fi ooru omi gùn ún títí di òní.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń kó eérú kúrò lábẹ́ ààrò, wọ́n ń gbá èyí tó fò wọ iwájú bọ́ílà jáde. Kí iná tó kú pátápátá, fáyámáànù á tún ṣí injector, á jẹ́ kí omi gòkè fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí ìgò, torí bí bọ́ílà bá ti tutù, kò ní sí ooru tí yóò ti omi wọ̀ ọ́ títí iná ọjọ́ kejì yóò fi mú un gbóná.