Àmì Ìgbà Ìrúwé nínú Àwòrán Primavera

Àwòrán tí Sandro Botticelli yà sórí pákó ní ìlú Florence, ní nǹkan bí ọdún 1480, ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Kì í ṣe ayàwòrán náà ni ó sọ ọ́ ní Primavera. Inú àpèjúwe tí Giorgio Vasari ṣe ní 1550 ni orúkọ náà ti ṣẹ̀. ‘Ìgbà ìrúwé’ ni a ń pè é ní Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òdòdó ni àwòrán yìí gbájú mọ́, kì í ṣe ewé.

Ọ̀pọ̀ àlàyé lórí rẹ̀ kò ju pé ó ń fi ayọ̀ àti ẹwà hàn. Èyí kò tó. Apá ọ̀tún ni ìtàn inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìfipámúni sì ni a kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀. Zephyrus, afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn, tí ara rẹ̀ rí bí ẹni tí a fi aró pa, na ọwọ́ gbá Chloris mú. Omidan náà ń sá, ó ń bojú wẹ̀yìn, òdòdó sì ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Flora wà nínú aṣọ olódòdó. Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì: Ovid, akéwì Róòmù, sọ nínú Fasti pé Zephyrus fi ipá mú Chloris, ó sì wá fi í ṣe aya, ni ó bá di Flora.

Edgar Wind (1958) rí i pé ẹwà ni ó ń jáde níbi tí ìwà mímọ́ àti ìfẹ́ ti pàdé. Àlàyé náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tètè dárí ji Zephyrus jù. Nínú ewì Ovid, Flora fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn náà, ó ní òun kò ráhùn nípa ìgbéyàwó òun, bí ó sì ti ń sọ̀rọ̀ ni òdòdó róòsì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Botticelli mú òdòdó kúrò lẹ́nu ẹni tí ara tù, ó fi í sí ẹnu ẹni tí ń sá. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹ kí ó wà ni òdòdó wà. Venus, àwọn Graces mẹ́ta, Mercury àti Flora pàápàá, kò sí ẹni tí ó bojú wo Chloris.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé nítorí ìgbéyàwó Lorenzo di Pierfrancesco de’ Medici ní 1482 ni a ṣe yà á, àkọsílẹ̀ ẹrù ilé ti 1499 sì fi hàn pé ilé rẹ̀ ni ó wà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ojú ìyàwó tuntun ni a gbé e kọ́ sí.