Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Pọ́n Jù: Géèmù Orí Linux ní Ìkirè àti Apòmù

Ẹni tó bá ti gba títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ rí yóò mọ dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá dòdò lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á pò ó mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, ohun tí ẹlòmíràn ì bá dà nù á sì di ohun tí arìnrìn-àjò ń dá mọ́tò dúró rà. Irú ọgbọ́n yẹn ni mo rí nínú iṣẹ́ tí mo yàn láàyò, ìyẹn títún kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux dípò Windows ṣe kí ó lè gbé géèmù. Èrò mi ni pé ọ̀nà yìí ló bá ìlú bíi Ìkirè àti Apòmù tó múlé tì í mu jù, nítorí pé ìmọ̀ ló ń ná ẹni, kì í ṣe owó. Ó ní àléébù, díẹ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní oògùn.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wa ná. Láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ ìwé fún aráàlú ní Apòmù, tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù tó wọ́pọ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dẹ́kun àtìlẹyìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í gba ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, kì í sì í gba èyí tí kò ní TPM 2.0, ẹ̀yà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò. Lójú Microsoft, láptọ́ọ̀pù ThinkPad T430 tó jáde ní 2012 ti kú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì ń dún, ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀. Linux, tí Linus Torvalds kọ́kọ́ gbé síta ní 1991, kì í bi ẹ̀rọ léèrè ọjọ́ orí lọ́nà bẹ́ẹ̀. Fi Linux Mint oní-Xfce, ẹ̀yà Linux tó fúyẹ́, sínú rẹ̀, yóò dìde.

Àmọ́ Windows ni ọ̀pọ̀ jù lọ géèmù ń bá sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ yìí sì ti dùn mọ́ mi jù. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣe àkàwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Apòmù ni Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Ọ̀wu àti Ifẹ̀ ti ń pàdé, oníkálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò lè ná láìsí ẹni tó gbọ́ ohùn tọ̀tún tòsì. Wine, ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ni ẹni náà nínú kọ̀ǹpútà. Géèmù á ké sí Windows pé kó ṣí fáìlì kan fún òun, Wine á gbọ́, á sọ ọ́ ní ohùn Linux, á sì gbé èsì padà, géèmù kò sì ní mọ̀ pé Windows kò sí nílé. Kì í kọ́ Windows ayédèrú kan sínú ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi í fa ẹ̀rọ sẹ́yìn púpọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2018, iléeṣẹ́ Valve, tó ni Steam tí a ti ń ra géèmù, gbé Proton jáde. Wine náà ni, àmọ́ wọ́n fi àwọn irinṣẹ́ bíi DXVK kún un, tó ń sọ Direct3D, èdè tí Windows fi ń ya àwòrán, di Vulkan, èdè àwòrán tí Linux gbọ́. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù tí wọn kò kọ fún Linux rárá ti ń ṣí lórí rẹ̀. Nígbà tí Valve sì gbé Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé, jáde ní 2022, Linux ló wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé ni.

Ibi tó ti ń dunni kò jìnnà. Intel HD 4000 ló ń ya àwòrán nínú T430 tí mo dárúkọ, kò sì gbọ́ Vulkan délẹ̀. DXVK láti ẹ̀dà 2.0 ń béèrè Vulkan 1.3. Ẹni tó bá kàn tẹ géèmù, ojú dúdú ni yóò rí, tàbí kí géèmù ṣí kó sì kú lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pariwo pé Linux kò dáa. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ PROTON_USE_WINED3D=1 %command% sí àyè tí Steam fi sílẹ̀ fún irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, Proton yóò pa DXVK tì, yóò gba ọ̀nà OpenGL àtijọ́. Àwọn géèmù ńlá tòní kò ní gbà, àmọ́ ọ̀pọ̀ èyí tó jáde kí 2013 tó dé yóò lọ. Dátà ńkọ́? Steam máa ń fa àwọn shader (àṣẹ tí ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán) tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ wálé kí géèmù má baà máa ta gọ́gọ́. Ó dára fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò níye. Fún ẹni tó ń ra dátà, tí iná sì lè lọ kí fáìlì tó wọlé tán, ó sàn kó pa á nínú ètò Steam. Géèmù yóò ta gọ́gọ́ díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á balẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti bọ́ọ̀lù, nítorí bọ́ọ̀lù ni géèmù lọ́dọ̀ wa. Láti orí FIFA 23 ni iléeṣẹ́ EA ti ń fi ẹ̀ṣọ́ kan sínú géèmù rẹ̀ láti mú àwọn tó ń ṣe màgòmágó. Inú kernel Windows, ọkàn gbogbo ètò, ni ẹ̀ṣọ́ yìí ń jókòó sí, Wine kì í sì í débẹ̀. Géèmù bọ́ọ̀lù EA tuntun kò ṣeé gbá lórí Linux nìyẹn, kò sí àṣẹ kankan tí a lè kọ tí yóò tún un ṣe. Géèmù Valorant náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ méjì mìíràn, Easy Anti-Cheat àti BattlEye, ṣí ọ̀nà fún Proton ní 2021, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sọ́wọ́ oníléeṣẹ́ géèmù kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ Epic tó ni Easy Anti-Cheat kò ṣí i fún Fortnite, Apex Legends sì ti ilẹ̀kùn tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ ní ìparí 2024. N kò ní sọ pé ẹjọ́ wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kernel tí èmi lè ṣí, tí mo lè yí padà, ẹ̀ṣọ́ wọn kò lè fọkàn tán an, òun gan-an sì ni ohun tí mo fẹ́ràn nínú Linux. Ẹni tí kò lè gbé láìsí bọ́ọ̀lù tuntun, kó lọ sí géèmù sẹ́ńtà tó ní PlayStation, n kò bínú sí i.

Àwọn mìíràn á ní kí ni ti làálàá, ṣebí Windows àti géèmù tí wọ́n fọ́ kí a lè lò wọ́n láìsanwó wà káàkiri. Wọ́n wà lóòótọ́, fáírọ́ọ̀sì sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí èyí tí wọ́n fọ́ bá bàjẹ́, kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ká bẹ̀rẹ̀ látòkè ni àtúnṣe tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Bí géèmù bá kú lórí Linux, a lè ṣí i láti ojú terminal, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ, kí a ka ohun tó ń sọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan: fáìlì wo ni kò rí, driver wo ni kò gbọ́. Ẹni tó bá ti ka ìlà bẹ́ẹ̀ ní ogún ìgbà ti ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà láìsan owó ìkọ́ṣẹ́. Àti pé kì í ṣe gbogbo géèmù ló nílò ògbufọ̀. 0 A.D., Battle for Wesnoth àti SuperTuxKart, wọ́n ní ẹ̀dà tí wọ́n kọ fún Linux gan-an, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ìwé àṣẹ wọn sì fún wa láyè láti dà wọ́n kọ. Ẹnìkan lè fi dátà tirẹ̀ fa SuperTuxKart, tí kò tó 1 gígábáìtì, kó fi fláàṣì pín in fún gbogbo àdúgbò láti Ìkirè dé Apòmù, kò sì jalè. Ìwé àṣẹ kan náà gbà wá láyè láti yí èdè rẹ̀ padà. Fáìlì ìtumọ̀ rẹ̀ wà ní gbangba, ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá mọ Yorùbá í kọ lè ṣí i lónìí, kó wá ibi tí wọ́n kọ "Go!" sí nígbà tí àwọn ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, kó sì kọ "Ó yá!" síbẹ̀.