Ta Ló Ni Ohùn? Òǹkọ̀wé àti Ẹ̀dá-Ìtàn Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Ìfáàrà

Irú eré orí rédíò kan wà tí gbogbo ìjà inú rẹ̀ kì í kọjá inú yàrá kan ṣoṣo. Òǹkọ̀wé jókòó, ó ń kọ ìtàn. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ dìde sí i, wọ́n ní àwọn kò ní ṣe ohun tó fẹ́ kí àwọn ṣe. Rédíò bá irú eré bẹ́ẹ̀ mu púpọ̀, nítorí pé ojú kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohùn nìkan ni a fi ń mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ti lo ọgbọ́n yìí tipẹ́. Nínú Niebla tí Miguel de Unamuno, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, tẹ̀ jáde ní 1914, ẹ̀dá-ìtàn kan lọ bá òǹkọ̀wé tó dá a láti bá a jiyàn lórí ikú ara rẹ̀. Nínú eré Luigi Pirandello tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Róòmù ní 1921, ẹ̀dá-ìtàn mẹ́fà tí òǹkọ̀wé wọn pa tì ń wá ẹni tí yóò fún wọn ní ìyè lórí ìtàgé.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìjà yìí wà nínú ìwé tiwa, àwa olùkọ́ àti olùdánwò ni a kì í sábà fetí sí i. Ìwé náà ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D.O. Fágúnwà kọ, tí CMS sì tẹ̀ jáde ní 1938.

Ẹ̀dá-ìtàn ló pàṣẹ

Bí a bá ṣí ìwé náà, a ó rí i pé "èmi" àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ọdẹ rárá. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sílé ara rẹ̀ ni. Bàbá arúgbó kan wọlé tọ̀ ọ́, ó ní kó mú ìwé àti kálámù kó máa kọ ohun tí òun yóò sọ sílẹ̀. Ìdí tí bàbá náà fi dé lọ́jọ́ náà ni ẹ̀rù ikú: kí ikú má ṣe dé lójijì kí ìtàn òun sì bá òun wọ ilẹ̀. Ohun tí àwọn mẹ́fà inú eré Pirandello ń wá gan-an ni Àkàrà-ògùn náà ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn ń bẹ̀bẹ̀. Àkàrà-ògùn ń pàṣẹ. Àgbà ni, ọmọdé kì í sì í bá àgbà du ọ̀rọ̀. Akọ̀wé kò jiyàn, ó kàn ń kọ ohun tó gbọ́.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Fágúnwà, I.B. Thomas ti gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1929 wọ 1930 ni ó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Thomas fara pamọ́ sẹ́yìn obìnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òǹkàwé fi gbà pé ẹni gidi ni. Níbẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ni a ń gbọ́. Fágúnwà ní tirẹ̀ fi ohùn méjèèjì sílẹ̀ gbangba, ti akọ̀wé àti ti ọdẹ.

Òǹkọ̀wé gba ohùn rẹ̀ padà

Ṣé akọ̀wé wá jẹ́ ìránṣẹ́ títí dé òpin bí? Èrò tiwa ni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àkàrà-ògùn tí a mọ̀ ni ọmọ ìyá àjẹ́ àti bàbá ọdẹ, ẹni tó gbójú lé oògùn àti ọfọ̀. Síbẹ̀, léraléra ni ọkùnrin yìí ń dá ìtàn dúró láti gba àwọn olùgbọ́ níyànjú nípa Ọlọ́run àti ìwà rere, bí ìgbà tí olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ bá dúró níwájú kíláàsì. Fágúnwà sì ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ìwé náà jáde. Níbi ìyànjú wọ̀nyí, ẹnu ọdẹ ló ń sọ̀rọ̀, ohùn tíṣà ni a ń gbọ́.

Èyí tó hàn jù ni ti ilé Ìrágbèje ní Òkè Lángbòdó. Akọ̀wé ń kọ ohun tí Àkàrà-ògùn sọ pé Ìrágbèje sọ: ẹnu mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ kan. Fún ọjọ́ méje ni Kàkó, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn akọni yòókù jókòó tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn tó bá iwin jà lójú ọ̀nà wá di ọmọ ilé-ìwé. Ọgbọ́n pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Ìrágbèje, a kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí eré orí rédíò bá ni, ibẹ̀ ni olùgbọ́ yóò ti na ọwọ́ láti pa rédíò rẹ̀. Òǹkọ̀wé ti borí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, ìtàn sì ni ó san owó ìjà náà.

Ẹnì kan lè wí pé àṣà Yorùbá ni kí ìtàn ní ẹ̀kọ́, pé àlọ́ kì í ṣàì kọ́ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú àlọ́, ẹnu apàlọ́ ni ẹ̀kọ́ sábà máa ń ti jáde nígbà tí ìtàn bá parí. Ìjàpá kì í dúró láàárín ìrìn-àjò rẹ̀ láti wàásù fún wa. Fágúnwà ló gbé iṣẹ́ apàlọ́ lé ẹ̀dá-ìtàn lórí.

Ní kíláàsì

Fágúnwà fúnra rẹ̀ ti fi oògùn àìgbọ́ràn yìí lé wa lọ́wọ́. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ó bẹ òǹkàwé pé nígbà tí ẹ̀dá-ìtàn kan bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sí ipò onítọ̀hún, kó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Bí ẹlòmíràn bá sì fèsì, kó ṣe bákan náà. Eré ni ó ní kí a fi ìwé rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ṣùgbọ́n òǹkàwé tí Fágúnwà ń fẹ́ ni èyí tó ń fèsì.

Ní Ìjoun níbí, tí ó súnmọ́ ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀ka-èdè Kétu ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń sọ nílé, rédíò sì ti kọ́ wọn láti fi ohùn dá ènìyàn mọ̀. A máa ń pín ìwé náà fún wọn bí eré rédíò: ọmọ kan ni akọ̀wé, èkejì ni Àkàrà-ògùn, ẹ̀kẹta ni Ìrágbèje, àwọn yòókù a kọ ẹ̀yìn sí wọn, wọn a máa gbọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ń bi wọ́n: ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ibi tí ìdáhùn wọn bá ti pín sí méjì ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìkádìí

A rọ ẹ̀yin olùdánwò ẹlẹgbẹ́ wa sí ohun méjì. Èkíní, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ pé Fágúnwà lọ sí Igbó Irúnmalẹ̀ ti da ènìyàn mẹ́ta pọ̀: òǹkọ̀wé tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé, akọ̀wé inú ìtàn, àti ọdẹ. Ẹ má ṣe fojú fo àṣìṣe náà. Èkejì, bí ìbéèrè bá dá lórí ìwà Àkàrà-ògùn, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì kọ ọ́ pé ìyànjú ọdẹ náà kò bá ìṣe rẹ̀ mu, ẹ má ṣe fa igi sí i nítorí pé kò sí nínú ìdáhùn tí a tò sílẹ̀. Ọmọ náà ti gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò gbọ́. Máàkì rẹ̀ tọ́ sí i.