Ìṣirò Tó Wà Lábẹ́ Àwọ̀

Láti Volks títí dé Okokomáíkò, ibi tí èèyàn bá yíjú sí lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ni yóò ti rí iṣẹ́ ọwọ́ àwa tó ń ṣe graphics: pósítà ìsìnkú lára òpó iná, bánà ìsọjí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwòrán àwọn ọmọ LASU tó ń du ipò nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń kọjá lọ lè rò pé àwòrán kan ṣoṣo lòun ń wò. Àwòrán mẹ́wàá, nígbà míràn ogún, ló wà níbẹ̀, tí a tò léra wọn. Ohun tó so wọ́n pọ̀, tó fi dà bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni kámẹ́rà ya gbogbo wọn, ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Blend mode là ń pè é.

Ọdún 1990 ni Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí Thomas Knoll àti John àbúrò rẹ̀ ṣe jáde sọ́jà, ṣùgbọ́n ọdún 1994, nígbà tí ẹ̀dà kẹta dé, ni layer wọ inú rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, àwòrán tí o bá ti lẹ̀ mọ́ òmíràn ti di ara rẹ̀ nìyẹn. Layer ló jẹ́ ká lè tẹ́ àwòrán sórí àwòrán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Blend mode sì ni àṣẹ tí a fún èyí tó wà lókè nípa bí yóò ṣe bá èyí tó wà nísàlẹ̀ lò.

Ìṣirò gbáà ni. Àwọn àmì tín-tìn-tín tí wọ́n ń pè ní pixel ló para pọ̀ di àwòrán inú kọ̀ǹpútà. Iná mẹ́ta ló wà nínú pixel kọ̀ọ̀kan: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Iná kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, láti 0, tí í ṣe òkùnkùn biribiri, títí dé 255, tó mọ́lẹ̀ jù. Bí layer méjì bá pàdé, kọ̀ǹpútà á mú nọ́ńbà tòkè àti tìsàlẹ̀, á ṣírò wọn pọ̀, á sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo pixel pátá.

Ẹ jẹ́ ká mú blend mode tó ń jẹ́ Multiply. Bí tòkè bá jẹ́ 200, tí tìsàlẹ̀ jẹ́ 100, kọ̀ǹpútà á sọ 200 di ìlọ́po 100, á pín in sí ọ̀nà 255, èsì rẹ̀ á sì jẹ́ 78. Ẹ wò ó dáadáa: 78 kéré sí nọ́ńbà méjèèjì. Ohun tó bá wọ inú Multiply, ṣe ló ń dú sí i, àfi ibi tó bá ti bá funfun pàdé, nítorí 255 kì í yí ohunkóhun padà. Bí àdìrẹ ṣe ń ṣe nínú ìkòkò aró gan-an nìyí: gbogbo ìgbà tí a bá tún rì í bọ̀ ọ́ ló ń dú sí i, aró ò sì ní sọ ọ́ di funfun láéláé. Multiply ni mo fi ń ṣe òjìji. Bí mo bá gé àwòrán ìyá àgbà kan kúrò nínú pálọ̀ rẹ̀, tí mo gbé e sórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kanlẹ̀ títí òjìji yóò fi wà lábẹ́ rẹ̀. Multiply á sì jẹ́ ká ṣì máa rí pupa kápẹ́ẹ̀tì náà lábẹ́ òjìji ọ̀hún. Òun náà ló ń gbà mí bí ìjọ bá gbé sítáǹbù orí bébà funfun wá: bébà á pòórá, yíǹkì nìkan ni yóò kù lórí sàtífíkéètì.

Screen ni ìdàkejì rẹ̀. Á kọ́kọ́ yí nọ́ńbà méjèèjì sódì, á ṣe ìlọ́po, á tún yí èsì náà padà. 200 àti 100 á wá di 222. Dúdú kò lágbára kankan nínú rẹ̀, òun ló fi bá iná, èéfín àti mànàmáná tí a yà níbi tó ṣókùnkùn mu. Ẹ rántí jákẹ́ẹ̀tì àwọn fíìmù Yorùbá tó ń ti ọjà Alábà jáde nígbà tí VCD ṣì gbòde: babaláwo na ọwọ́, iná ń bù yẹ̀rì ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn jákẹ́ẹ̀tì yẹn ti kún jù. Èmi ò gbà. Jákẹ́ẹ̀tì kékeré tó fẹ́ pe oníbàárà láàárín ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ kò lè máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn tó ṣe é mọ ọjà wọn, ọ̀gá sì ni wọ́n.

Color ní tirẹ̀ ń mú àwọ̀ láti òkè, á sì fi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn sílẹ̀ fún ìsàlẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí gèlè fàdákà òun di àwọ̀ wáìnì kó lè bá aṣọ ẹbí mu, Color ni, torí gbogbo ìṣẹ́po gèlè náà àti dídán rẹ̀ á dúró. Àmọ́ bó bá jẹ́ léèsì funfun báláú, Color kò ní rí nǹkan kan ṣe sí i. Multiply ni ká lọ pè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí jù ni awọ ara. Ọ̀pọ̀ lára wa tó ń ṣe graphics ládùúgbò yìí, bí a bá ti rí ẹni tó dúdú, a ó ṣe ẹ̀dà ojú rẹ̀, a ó gbé e lé e lórí, a ó sì fi Screen sí i, kí ojú lè tàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ adúmáadán kan jẹ́ 90 nínú pupa, 60 nínú àwọ̀ ewé, 45 nínú búlúù. Screen á sọ wọ́n di 148, 106 àti 82. Ìmọ́lẹ̀ ti wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ náà ti ṣá, òjìji tó fún egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ìrísí ti lọ. Ẹlòmíràn ló wà lórí pósítà yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Káàdì tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ-fọ́tò láti fi díwọ̀n àwọ̀, àwòrán obìnrin òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Shirley ló wà lórí rẹ̀, ara òyìnbó sì di òṣùwọ̀n fún gbogbo ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wá wo àwòrán irun àwọn obìnrin wa tí ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968. Fíìmù dúdú-àti-funfun ló fi yà wọ́n. Ọrùn dú, èjìká dú, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ń dán lára wọn, kò sì sẹ́ni tí a bó láwọ̀.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Màá ṣí layer tuntun, màá fi àwọ̀ eérú àárín gbùngbùn, 128, kùn ún, màá sì fi blend mode tó ń jẹ́ Soft Light sí i. Eérú náà kò ní hàn rárá. Màá wá mú búrọ́ọ̀ṣì funfun, màá dín agbára rẹ̀ kù gan-an, màá fi kan òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́, góńgó imú àti iwájú orí, níbi tí oòrùn fúnra rẹ̀ ti máa ń kan èèyàn. Màá fi dúdú kan abẹ́ àgbọ̀n. Ó ń gba àkókò, pàápàá bí oníbàárà bá jókòó tì ọ́ tó ń wo aago. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ olóògbé bá bojú wo kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ní, "Màámi rèé," mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Títẹ̀ ẹ́ sórí flex, ìyẹn aṣọ oníke tí a fi ń ṣe bánà, ló kù. Yíǹkì ni ẹ̀rọ yẹn ń lò dípò iná, ìṣirò sì lè yí, nítorí náà mo máa ń pa gbogbo layer pọ̀ di ọ̀kan kí n tó sọ fáìlì di CMYK, ìyẹn àwọ̀ yíǹkì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ wá fún wa ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Okokomáíkò, ẹ jọ̀wọ́, àwòrán tí fíltà fóònù kò tíì kàn ni kí ẹ máa mú wá. Bó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document, torí bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, ọ̀pọ̀ pixel á sì bá a lọ. Èyí tó bá ti lọ, kò sí blend mode tó lè dá a padà.