Àbíkú àti Àrùn Inú Ẹ̀jẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìtumọ̀ Kan

Ìtumọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ àbíkú. Wọ́n ní ọmọ tí àwọn àgbà ń pè ní àbíkú kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Ìtumọ̀ náà wúlò, nítorí pé ó lè mú kí ìyá gbé ọmọ rẹ̀ tọ oníṣègùn lọ dípò kí wọ́n sín in ní gbẹ́rẹ́ tàbí kí wọ́n kó ṣaworo sí i lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wúlò lè ṣàì pé. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a lè mọ ibi tí ó tọ́ dé àti ibi tí ó ti kùnà.

Ìmọ̀ nípa àjogúnbá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ní 1910 ni James Herrick, oníṣègùn kan ní Chicago, kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó tẹ̀ bí dòjé nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti Grenada wá. Ní 1949 Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hẹmoglóbìn, èròjà tí ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara, ni àléébù náà wà. Ní ọdún kan náà James Neel ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń jogún rẹ̀. Ọmọ a máa gba jíìnì kan lọ́wọ́ baba, a sì máa gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tí ó gba A méjì jẹ́ AA. Ẹni tí ó gba A kan àti S kan jẹ́ AS, ara rẹ̀ a sì máa le. Ẹni tí ó gba S méjì ni àrùn náà ń bá jà. Bí baba àti ìyá bá jẹ́ AS, nínú ìpín mẹ́rin, ìpín kan ni ti AA, méjì ni ti AS, ọ̀kan ni ti SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìpín tirẹ̀; kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ èyí tí ó kú ṣáájú rẹ̀.

Ibi tí ìtumọ̀ náà ti bá ọ̀rọ̀ àwọn àgbà mu kò kéré. Ara òbí le koko, síbẹ̀ ọmọ wọn ń kú. Ọ̀kan kú, ọ̀kan yè, òmíràn tún kú. Ẹni tí ó bá rí irú èyí kò jẹ̀bi bí ó bá sọ pé ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àbíkú ni ó lè jẹ́ SS. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti ṣọ̀pọ̀ná pa ọmọ púpọ̀ láyé àtijọ́, wọn kò sì béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ ibà yìí gan-an ni ó sì mú kókó tí àwọn olùtumọ̀ náà fò dá. Ní 1954 Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í tètè pa ọmọ AS bí ó ti ń pa ọmọ AA. Èyí ni ó fà á tí S kò fi parun, bí ó tilẹ̀ ń pa àwọn tí ó jogún méjì: àwọn AS ń yè, wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń fi S sílẹ̀ fún ìran tí ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ó pète rẹ̀. Ikú àti ìyè ni ó ń ṣà wọ́n, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìṣàyàn àdánidá. Lónìí, nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó tó ẹnì kan tí ó jẹ́ AS.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé tọkọtaya AS kí oògùn ibà tó dé? Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ lè pa ọmọ SS, ibà sì lè pa ọmọ AA. Orúkọ kan náà, àbíkú, ni wọn yóò fi pe àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí ó wí pé àbíkú ni SS ti gé ọ̀rọ̀ náà kúrú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi tún wà níbẹ̀. Nínú ìgbàgbọ́ àtijọ́, ìyá ni wọ́n ń bi léèrè bí ó bá rìn lọ́sàn-án gangan tàbí lóru nígbà tí ó lóyún. Ìmọ̀ àjogúnbá fi hàn pé S kan ti ọwọ́ baba wá, ọ̀kan ti ọwọ́ ìyá wá. Ìdá náà dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn òde òní tí ó ní ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya "kò bára mu" kò tọ́. Tọkọtaya AS bára mu jù ni. Ohun tí wọ́n jọ ní ni ó ń dá wọn lóró.

Lítíréṣọ̀ náà kọ ìtumọ̀ kúkúrú yìí. J. P. Clark àti Wole Soyinka kọ ewì tí wọ́n pè ní "Abiku". Nínú ti Clark, àwọn ará ilé ń bẹ ọmọ pé kí ó jókòó. Nínú ti Soyinka, àbíkú fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, tí ó ń fi ètùtù ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó bá ka èyí gẹ́gẹ́ bí ìwé aláìsàn yóò pàdánù ìgbéraga tí ó wà nínú rẹ̀. Òwe tí ó ní àbíkú sọ olóògùn dèké kò ṣàlàyé àrùn. Ìtìjú ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ tán ni ó sọ.

Orúkọ àrùn ni SS. Orúkọ ọ̀fọ̀ ni àbíkú. Ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn òbí tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti dá ọmọ dúró. Ọ̀nà ti wà nísinsìnyí: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó, àti ìtọ́jú fún ọmọ tí a ti bí. Kí olùtumọ̀ kọ́ni ní èyí, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n rẹ̀.